Igi Rélùwéè Kì í Ṣe Igi Ìdáná

Ọyẹ́ lé kenkà ní Ọ̀fà lọ́dún náà, kò sẹ́ni tí ètè rẹ̀ ò là. Àsìkò yẹn làwọn rélùwéè yọ àwọn ògbólógbòó igi tí wọ́n tẹ́ sábẹ́ irin ọkọ̀, wọ́n kó wọn dànù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà.

Ràímì káfíntà ò fàkókò ṣòfò. Ó fi igi náà ṣe afárá sórí gọ́tà ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ó fi ṣe òpó ọgbà ewúrẹ́, ó tún fi kan bẹ́ńṣì síta. Gbogbo àdúgbò ń kan sáárá sí i, orí ọ̀gbẹ́ni sì ń wú.

Àṣẹ́kù igi náà ló kó bá a. Safiyat ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bí àkọ́bí wọn, ọmọkùnrin tí wọn ò tíì sọ lórúkọ, wọ́n sì ń dáná sínú yàrá kí òtútù má baà mú ìyá àtọmọ. Igi ayín ni ìyá Safiyat, tó wá tọ́jú wọn, ń fi dá a. Ràímì ní kí wọ́n gbé ayín tì.

"Màmá, igi tèmi yìí, ikán gan-an ò lè jẹ ẹ́. Bó bá ti ràn, kì í kú bọ̀rọ̀."

Ìyá Safiyat húkọ́. "Ràímì, èéfín rẹ̀ ń ta mí lójú o. Ó ń rùn bí ọ̀dà."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara dà á, Màmá. Igi tí ọkọ̀ ojú irin ń gùn kọjá, ṣé iná lásán ló máa tì í?" Ó rẹ́rìn-ín, ó sì ti fèrèsé pa nítorí ọyẹ́.

Kò pẹ́ tí ọmọ fi ń mí gúlegúle. Ó kọ ọmú. Wọ́n rò pé òtútù ni, ni Ràímì bá tún kó igi kún iná. Áà! Bàbá tó fẹ́ràn ọmọ rẹ̀ tó báyẹn ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ koná mọ́ ọn.

Nígbà tí wọ́n fi gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà, ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Wolé-wolé Adétóyè, tó ń yẹ ìmọ́tótó ilé wò ládùúgbò, wá bá wọn kẹ́dùn. Ó rí àjókù igi nínú ààrò, ó gbóòórùn rẹ̀, ojú rẹ̀ yí padà.

"Ọ̀gá Ràímì, ẹ kú ìrọ́jú. Níbo lẹ ti rí igi yìí?"

"Àwọn rélùwéè ló kó o dànù, sà."

"Ẹ ò bi ara yín ohun tí ikán rí tó fi ń sá fún un? Ọ̀dà olóró ni wọ́n rì í sí, títí ó fi mu ún yó. Ó dáa fún afárá, ó dáa fún òpó ọgbà. Èéfín rẹ̀ nínú yàrá tẹ́ ẹ tì pa, ẹ̀dọ̀fóró ọmọ tuntun ò lè gbé e."

Ràímì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Mo fẹ́ kó móoru ni, sà."

Safiyat ò bú u. Ó kàn ní, "Ẹ kó ìyókù jáde fún mi." Ìyẹn dun Ràímì ju èébú lọ.

Ẹ̀yin èèyàn wa, gbogbo ọ̀tọ̀kùlú péjọ, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe. Igi tí wọ́n bá ti rì sínú ọ̀dà, ìbáà ṣe ti rélùwéè tàbí òpó wáyà, ẹ má fi dáná, ẹ má fi yan ẹran, ẹ má sì fi gbẹ́ ohun èlò ìjẹun. Ẹ má dáná sínú yàrá tí èèyàn ń sùn. Bí òtútù bá ń mú ọmọ, aṣọ ni kẹ́ ẹ fi wé e. Kí igi tó wọlé yín, ẹ bèèrè ibi tó ti ń bọ̀ àti ohun tí wọ́n fi ra á lára. Ràímì ò bèèrè, ọmọ tó ń wá orúkọ rere fún sì wọlẹ̀ láìlórúkọ.