Ìdáhùn Kejì Tí Káfíńtà Ń Jù Nù

Orí àkàsọ̀ ni ọ̀dọ́kùnrin káfíńtà náà wà nígbà tó kọ́kọ́ rí i. Ó ti yọ fèrèsé àtijọ́ kúrò lára ògiri, ihò ńlá sì là sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Nínú ihò náà, ọmọbìnrin kan dúró síwájú pátákó dúdú, ó kọ ẹ̀yìn sí i, ṣọ́ọ̀kì ti ta sí i létí, ó ń bá ìṣirò sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún.

Kò sí ẹnikẹ́ni lórí àga tó dojú kọ pátákó náà.

“Ta lẹ ń kọ́?” ni káfíńtà bèèrè.

Ọmọbìnrin náà ta gìrì, ṣọ́ọ̀kì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. “Kò sí,” ló dáhùn. Ojú tì í débi pé ó sá wọ yàrá lọ.

Tíṣà Àgbà ni gbogbo àdúgbò ń pe bàbá rẹ̀. Ìṣirò ni wọ́n fi ọjọ́ ayé wọn kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, kó tó di pé ojú wọn fọ́. Ìyá ọmọbìnrin yìí ti kú nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́, ọkàn bàbá kò sì gbà á láti jẹ́ kó rìn jìnnà. Ilé ni wọ́n ti kọ́ ọ ní gbogbo ohun tó mọ̀. Kò jókòó ti ẹlẹgbẹ́ kankan lórí bẹ́ńṣì rí. Ó mọ ìró bàtà àwọn tó ń kọjá lójú títì, àmọ́ kò mọ orúkọ wọn. Tó bá ti fún bàbá lóúnjẹ tán, tó sì ti ka ìwé ìròyìn sí wọn létí, á dúró síwájú pátákó, á máa kọ́ àga.

Nígbà tí káfíńtà padà wá kan fèrèsé tuntun, ó yọ pẹ́ńsù kúrò létí, ó fi nàka sí pátákó.

“Tíṣà Kékeré, kuadírátíìkì nìyẹn, àbí? Òun ló fìdí mi jánlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì nínú ìdánwò àṣewọlé. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn tó ń ya àwòrán ilé ni mo fẹ́ lọ.”

“Lẹ́ẹ̀mejì?”

“Ẹ má rẹ́rìn-ín o.”

“Mi ò rẹ́rìn-ín.” Ẹ̀rín ló sì ń rín.

Láti ọjọ́ náà, bó bá ti ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, á wá jókòó sórí àga yẹn, èérún pákó á wà nínú irun rẹ̀. Bàbá á ṣí ilẹ̀kùn yàrá wọn sílẹ̀ díẹ̀, wọ́n á máa gbọ́ ohun tó ń lọ.

“Ẹ̀rọ ló ń máàkì ìdánwò yẹn,” ni ọmọbìnrin náà máa ń sọ. “Kò ní wo bí ẹ ṣe làágùn tó, ibi tí ẹ fi pẹ́ńsù kùn nìkan ló máa wò. Kuadírátíìkì kì í sì í fara hàn gbangba níbẹ̀. Wọ́n á ní ẹnì kan ní oko onígun mẹ́rin, wọ́n á ní wọ́n ju bọ́ọ̀lù sókè. Kẹ́ ẹ kó gbogbo rẹ̀ sápá kan àmì ìdọ́gba, kí apá kejì ṣẹ́ku òdo. Lẹ́yìn náà, ẹ wá nọ́ńbà méjì tó jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá sọ wọ́n di púpọ̀, wọ́n á bá ti ìparí mu, tẹ́ ẹ bá sì rò wọ́n pọ̀, wọ́n á bá ti àárín mu. Ẹ yí àmì wọn padà, ẹ ti rí ìdáhùn nìyẹn.”

“Bí ẹni ń wá ọkọ fún ìyàwó.”

“Ẹ gbájú mọ́ iṣẹ́ yín.”

“Iṣẹ́ ni mo gbájú mọ́. Ẹ̀yin lẹ dúró síwájú ẹ̀.”

Ọ̀rọ̀ wọn kò pẹ́ tó fi di ti ọ̀rẹ́, ‘ẹ’ sì di ‘o’ láàárín wọn. Tí káfíńtà bá ti lọ, ilé á tún dákẹ́, àmọ́ ìdákẹ́jẹ́ náà ti wá ń dun ọmọbìnrin náà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Nígbà tí ìdánwò ku ọ̀sẹ̀ kan, ọmọbìnrin náà fún un ní ìbéèrè púpọ̀ ṣe. Káfíńtà ń ka ìdáhùn rẹ̀ jáde: “Èkínní, mẹ́rin. Èkejì, méje. Ẹ̀kẹta, mẹ́ta.”

Ọmọbìnrin náà yọjú wo ìwé náà. Gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ ló tọ́ títí dé ìlà tó gbẹ̀yìn. Mẹ́ta àti máínọ́ọ̀sì márùn-ún ló jáde nínú ẹ̀kẹta, àmọ́ ó ti fa igi lé máínọ́ọ̀sì márùn-ún. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe fún gbogbo èyí tó bá ti ní máínọ́ọ̀sì.

Ó la ẹnu láti sọ̀rọ̀. Ó wá rántí pé ìlú mìíràn tó jìnnà ni ilé ẹ̀kọ́ náà wà. Tó bá yege, àga á ṣófo. Tí kò bá yege, á tún padà wá.

“Ó dáa,” ló sọ. “O ń gbìyànjú.”

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, bó ṣe ń gbé tíì fún bàbá, wọ́n di ọwọ́ rẹ̀ mú.

“Ìdáhùn kan péré, dípò méjì, ni mò ń gbọ́ sí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan lẹ́nu ọmọkùnrin yẹn lánàá. Ṣé ìwọ náà gbọ́?”

“Mo gbọ́, bàbá.”

“O ò sì bá a wí.”

Bàbá mí kanlẹ̀.

“Èmi ni mo kọ́ ọ ní ìyẹn náà. Torí kí n má baà dá wà, mo sé ọ mọ́lé. Ojú mi ti fọ́ kí n tó rí i pé kò dáa.”

Nígbà tí káfíńtà dé ní ìrọ̀lẹ́, ọmọbìnrin náà kò tiẹ̀ jẹ́ kó jókòó.

“Ìdáhùn kejì dà?”

“Èwo? Máínọ́ọ̀sì yẹn?” Ó bú sẹ́rìn-ín. “Kí n lọ bá oníbàárà, kí n ní tábìlì yín gùn ní máínọ́ọ̀sì ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún? Wọ́n á lé mi síta!”

“Tó bá jẹ́ pákó ni wọ́n ní kó o wọ̀n, jù ú nù. Àmọ́ èyí ò dárúkọ pákó. Nọ́ńbà lásán ló ń bèèrè, méjèèjì ló sì tọ́. Ohun tó ń fìdí rẹ jánlẹ̀ nìyẹn.”

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó wo ìwé rẹ̀ títí.

“Ìgbà wo lo ti mọ̀?”

“Lánàá.”

“Lánàá tó o ní ó dáa?”

“Mi ò fẹ́ kó o lọ ni.”

Káfíńtà ká ìwé rẹ̀, ó bọ́ síta. Kò wá lọ́jọ́ kejì, kò sì wá lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e. Ìdánwò dé, ó kọjá. Ọmọbìnrin náà nu pátákó mọ́, kò kọ nǹkan kan sí i mọ́. Tó bá gbọ́ ìró bàtà níta, á dá ọwọ́ iṣẹ́ dúró títí ìró náà á fi kọjá lọ.

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan kọjá. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Káfíńtà ni. Kò bá a sọ̀rọ̀ ju kíkí lọ. Yàrá bàbá ló gbà lọ tààrà, ó sì pa ilẹ̀kùn dé. Ọmọbìnrin náà dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó tẹ́tí. Ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ nìkan ló ń gbọ́.

Nígbà tó jáde, ó dúró níwájú rẹ̀.

“Mo yege.”

“Ẹ kú oríire.”

“Mo tún ti di ‘ẹ’? Dákun.” Ó wo ilẹ̀. “Inú bí mi, mi ò purọ́. Àmọ́ nígbà tí mo dé gbọ̀ngàn ìdánwò, ìbéèrè náà ń bẹ níbẹ̀, kò sì dárúkọ pákó. Mo kun ibi tí méjèèjì wà. Ìgbà yẹn ló yé mi pé ìwọ tó ò fẹ́ kí n lọ yìí, ìwọ náà lo fi ọwọ́ ara rẹ la ọ̀nà fún mi.”

“Ó dùn mí o.”

“Mo mọ̀, olólùfẹ́ mi. Ọ̀la ni mò ń lọ, ó sì máa pẹ́. Mo ti sọ fún bàbá pé ìwọ ni mo fẹ́ fi ṣe aya. Wọ́n ní àwọn kọ́ ló máa dáhùn, kí n bi ọ́.” Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. “Mò ń bi ọ́.”

Ó na ọwọ́ sí i. Ọwọ́ náà le koko, ó sì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ọmọbìnrin náà fi tirẹ̀ sínú rẹ̀, ó sì dá a lóhùn, jẹ́jẹ́ débi pé òun nìkan ló lè gbọ́.

Ó tẹ̀ lé e dé ẹnu ọ̀nà. Ó ń wò ó títí ó fi yà sí ìkóríta.

“Ṣé ó ti lọ?” bàbá bèèrè láti inú yàrá.

“Ó ti lọ, bàbá.”

“Kí lo sọ fún un?”

“Mo ní mo gbà.”

Ó gbọ́ tí bàbá ń fa àga kan sún mọ́ ara wọn.

“Wá,” ni bàbá wí. “Wá jókòó tì mí.”