Síìpù Tó Dé Ọrùn

Ọmọbìnrin olóògbé ló kọ́kọ́ rí i. Àràárọ̀ ló máa ń yà kí bàbá rẹ̀ kó tó lọ síbi iṣẹ́. Lọ́jọ́ náà, ó gbé tíì lọ sí yàrá jákẹ́ẹ̀tì, ó sì bá a nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì onírin, ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́ ọn létí. Nígbà tí Ìnsípẹ́kítọ̀ ọlọ́pàá dé, obìnrin náà jókòó sórí àtẹ̀gùn. Ife tíì náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Bàbá Awọ ni àdúgbò ń pe olóògbé. Ọgbọ̀n ọdún ló fi tún ọkọ̀ òfuurufú àwọn ológun ṣe. Lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì, ó bẹ̀rẹ̀ sí kó jákẹ́ẹ̀tì awọ jọ, irú èyí tí àwọn tó ń wa ọkọ̀ ogun òfuurufú ayé àtijọ́ máa ń wọ̀. Yàrá tó kó wọn sí gbẹ, ó mọ́, aṣọ dúdú sì bo fèrèsé kí oòrùn má baà ba awọ jẹ́. Jákẹ́ẹ̀tì mọ́kànlá ló wà níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí háńgà onígi tó nípọn.

"Wọ́n pé," ni Kọ́púrà wí. "Olè kọ́. Aládùúgbò kan sì gbọ́ tí ọmọ rẹ̀ ń pariwo mọ́ ọn lọ́sàn-án àná. Ọ̀gá àgbà ní ká ti ọmọ náà mọ́lé."

Ìnsípẹ́kítọ̀ ti sún mọ́ ibi tí wọ́n gbé kọ́ sí. Jákẹ́ẹ̀tì tó gbẹ̀yìn ló ń wò. Síìpù àwọn mẹ́wàá yòókù ṣí sílẹ̀ gbayawu, ṣùgbọ́n wọ́n ti fa ti èyí sókè dé ọrùn. Ìránpọ̀ èjìká rẹ̀ kan sì ti tú, ẹnu òwú tó já ṣì mọ́ tónítóní. Dókítà ní nǹkan bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ àná ni bàbá náà kú, pé ó fi orí gbá ẹsẹ̀ tábìlì.

Ìnsípẹ́kítọ̀ lọ jókòó ti obìnrin náà lórí àtẹ̀gùn.

"Kí lẹ bá wọn jà lé lórí?"

"Mo ní kí wọ́n wá máa gbé lọ́dọ̀ mi. Wọ́n ní jákẹ́ẹ̀tì àwọn ńkọ́? Mo ní ṣé awọ ló máa sin wọ́n ni." Ó wo inú ife. "Ọ̀rọ̀ tí mo bá wọn sọ gbẹ̀yìn nìyẹn."

"Ta ló tún máa ń wọ yàrá yẹn?"

"Ẹni méjì péré. Tíṣà, tóun náà ń kó jákẹ́ẹ̀tì jọ, àti oníṣẹ́ awọ tó ń bá wọn rán èyí tó bá ya. Ọ̀rẹ́ wọn ni, ó ti tó ogún ọdún."

Kí ọ̀sán tó pọ́n, wọ́n ti pe àwọn méjèèjì dé. Ìnsípẹ́kítọ̀ tẹ́ jákẹ́ẹ̀tì kan sórí tábìlì, ó kó oríṣiríṣi háńgà àti bébà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì ń pè wọ́n wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ bá mi gbé e kọ́."

Ọmọ olóògbé di ọrùn jákẹ́ẹ̀tì náà mú, ó ń wá ìṣó lára ilẹ̀kùn. "Wọn ò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án rí," ló wí.

Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì jágbe mọ́ Kọ́púrà kó tó kí i. "Ta ló tẹ́ ẹ sílẹ̀ báyìí? Ṣé aṣọ ìnulẹ̀ ni?" Ó mú háńgà tó nípọn jù, ó ki bébà sápá rẹ̀ méjèèjì, ó gbé e kọ́.

"Ẹ ò ní fa síìpù sókè?"

"Kí eyín irin máa fa awọ? Ká ní olóògbé ló gbọ́ ìbéèrè yìí, á ti lù yín lọ́wọ́."

Oníṣẹ́ awọ ló wọlé kẹ́yìn. Ó tínrín, aró sì ti dúdú mọ́ ọn léèékánná. Ọwọ́ méjèèjì ló fi gbé jákẹ́ẹ̀tì náà, bí ẹni gbé ọmọ tó ń sùn. Ó ki bébà sápá, ó tún èjìká rẹ̀ ṣe. Kó tó fi í sílẹ̀, ó fa síìpù rẹ̀ dé ọrùn, ó sì fọwọ́ pa kọ́là rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Bàbá," ni Ìnsípẹ́kítọ̀ wí jẹ́ẹ́jẹ́, "kí ló fa ìjà?"

Ọkùnrin náà wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Olè á ti gbé jákẹ́ẹ̀tì lọ," ni Ìnsípẹ́kítọ̀ wí fún un. " Ẹni tí kò mọyì rẹ̀ á fi í sílẹ̀ níbi tó bọ́ sí. Ṣùgbọ́n ẹnì kan gbé e nílẹ̀ nígbà tí òkú ṣì wà níbẹ̀, ó sì gbé e kọ́ bó ṣe yẹ. Ọmọ olóògbé ò mọ̀ ọ́n ṣe. Tíṣà àti olóògbé kì í fa síìpù sókè. Ọwọ́ yín fà á láìbi yín léèrè, lánàá àti nísinsìnyí."

Oníṣẹ́ awọ jókòó.

"Ti ọmọ mi ni. Èmi ni mo wo ti ayé àtijọ́ rán an fún un nígbà tó ń kọ́ wíwa ọkọ̀ òfuurufú. Lẹ́yìn tó kú, ìyá rẹ̀ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ó sá a sóòrùn. Ó rò pé òun ń tọ́jú rẹ̀ ni. Ó le bíi páálí. Òrùlé wa ń jò nígbà náà, abọ́ mẹ́rin la fi ń gbe omi nínú yàrá, èbu sì mú un. Mo gbé e wá fún ọ̀rẹ́ mi. Ọdún mẹ́ta ló fi ń fi ọ̀rá pa á díẹ̀díẹ̀ títí ó fi rọ̀."

"Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"Ojú ìyá rẹ̀ ti fọ́ báyìí. Ó ní kóun fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀kan péré. Ọ̀rẹ́ mi ní òun ti ṣèlérí mọ́kọ̀ọ̀kànlá fún ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, pé wọ́n ń bọ̀ wá kó o lónìí. Ó ní ká ní kì í ṣe òun, ì bá ti jẹrà. Òótọ́ ló sọ. Mo dì í mú, ó dì í mú. Èjìká jákẹ́ẹ̀tì tú, ọ̀rẹ́ mi sì fẹ̀yìn lulẹ̀. Mo pè é, pè é."

"Kí ló dé tí ẹ ò gbé e lọ?"

"Lẹ́yìn ohun tí mo ṣe? Kí n wá gbé e lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́?"

Ọmọbìnrin olóògbé wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó sọkún títí. Nígbà tó yá, ó lọ sọ jákẹ́ẹ̀tì tó gbẹ̀yìn kalẹ̀, ọwọ́ méjèèjì ló fi gbé e. "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí bàbá yìí gbé e gba ilé wọn kí ẹ tó dé àgọ́ ọlọ́pàá."

"Ẹ̀rí ni," ni Ìnsípẹ́kítọ̀ wí. Ṣùgbọ́n ó gbà, wọ́n sì gba ibẹ̀.

Obìnrin afọ́jú náà na ọwọ́. Ó fọwọ́ wá kọ́là, ó wá apá, ó dé ibi síìpù, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ẹ tún fà á dé ọrùn. Bẹ́ẹ̀ náà lẹ máa ń ṣe fún ọmọ wa kó tó lọ sílé ìwé, kí òtútù má baà mú un." Ọwọ́ rẹ̀ dé èjìká. "Ó ti tú níbí. Ẹ máa rán an kílẹ̀ tó ṣú, àbí?"

Ìnsípẹ́kítọ̀ ò tíì mú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ jáde lápò.

"Mo ń lọ mú òwú bọ̀," ni ọkọ rẹ̀ wí, ó sì ṣáájú Ìnsípẹ́kítọ̀ jáde.