Àgádágodo Lẹ́nu Ẹ̀rọ Omi

Ọjọ́ tí Haneef kọ́kọ́ rí Ikhlas, orí kẹ́ẹ̀gì ni ọmọbìnrin náà jókòó sí. Ó fẹ̀yìn ti géètì ẹ̀rọ omi tuntun àdúgbò wa ní Ayépé, ó sì ní òun kò ní dìde.

Èmi Fatihah wà níbẹ̀. Yàrá tèmi àti ti ìyá Ikhlas ló kángun síra nínú ilé tí a jọ háyà. Èmi ń ránṣọ, Ikhlas ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ojú mi kò tó nínú ọ̀rọ̀ yìí, òun fúnra rẹ̀ ló fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún mi.

Gbogbo àdúgbò ló dáwó gbẹ́ ẹ̀rọ yẹn. Omi ìjọba ti gbẹ tipẹ́, aláǹgbá ló ń gbé inú páìpù rẹ̀. Onílé dáwó, ayálégbé dáwó. Ìyá Ikhlas tó ń ta ẹ̀kọ ta aṣọ àgbéjáde rẹ̀ kí ó lè rí tirẹ̀ dá. Síbẹ̀, owó náà kò tó. Ìgbà náà ni Alhaji Ọnàfowókàn, ọmọ bíbí Ayépé tó ń ta irin àti símẹ́ńtì ní Ìjẹ̀bú-Òde, mú ìyókù wá. A jó, a súre fún un.

Ṣùgbọ́n nígbà tí omi jáde, Alhaji ra àgádágodo sí géètì. Ó ní ọmọ onílẹ̀ ni yóò máa kọ́kọ́ pọn. Ayálégbé yóò dúró títí wọn yóò fi pọn tán, owó kẹ́ẹ̀gì tiwọn yóò sì jẹ́ ìlọ́po méjì. Ó ní ayálégbé lè kó ẹrù rẹ̀ lọ lọ́la, ọmọ onílẹ̀ ló ń jókòó ti ìlú.

Haneef ni ọmọ rẹ̀, ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀ ló sì ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló to sólà tó ń fa omi náà, òun sì ni bàbá rẹ̀ rán wá ti géètì ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí mò ń wí yìí.

"Arábìnrin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde. Mo fẹ́ ti géètì."

"Ẹ tì í. Ibí lẹ ó bá mi lọ́la."

"Wọ́n ní àkókò ti tó."

"Àkókò ta ni? Àárọ̀ ni mo ti tò síbí. Gbogbo ẹni tó dé lẹ́yìn mi ló ti pọn lọ."

Haneef wò ó. "Kí ni orúkọ yín?"

"Ayálégbé," ni Ikhlas fi dá a lóhùn. "Orúkọ tí bàbá yín sọ wá nìyẹn."

Mo rò pé yóò bínú, àmọ́ kò bínú. Ó ṣí géètì náà padà, ó gba kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́ rẹ̀, ó pọn ọ́n kún. Iye tí àwọn ọmọ onílẹ̀ ń san ni Ikhlas san, kò fi kọ́bọ̀ lé e. Haneef sì gbà á bẹ́ẹ̀.

Ní Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, ó yọ sí ṣọ́ọ̀bù mi lẹ́nu ọ̀nà ilé wa. Ó ní òun wá rán aṣọ. Ẹni tí àwọn télọ̀ ń dù mọ́ ara wọn lọ́wọ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde ló gun ọ̀kadà wá sí Ayépé wá rán bùbá. Bí mo ṣe ń wọn apá rẹ̀, ẹnu ọ̀nà yàrá ìyá Ikhlas ni ojú rẹ̀ wà. Mo rẹ́rìn-ín títí tí téèpù fi bọ́ lọ́wọ́ mi.

Báyìí ló ṣe ń wá. Ìyá Ikhlas se ìkọ́kọrẹ́ fún un, ó jẹ ẹ́ bí ẹni tí wọn kò fún ní oúnjẹ rí. Òun àti Ikhlas a máa jókòó sábẹ́ igi ọsàn ẹ̀yìn ilé, wọn a máa jiyàn, wọn a máa rẹ́rìn-ín. Ìfẹ́ tí mo rí lójú àwọn méjèèjì nígbà náà, mo jowú rẹ̀ díẹ̀.

"Ikhlas, mo nífẹ̀ẹ́ rẹ," Haneef sọ fún un lọ́jọ́ kan. "Ìwọ ni mo fẹ́ fi ṣe aya."

"Mo mọ̀, ọ̀wọ́n mi. Èmi náà nífẹ̀ẹ́ rẹ. Ohun tí mi ò tíì mọ̀ ni bóyá o nífẹ̀ẹ́ mi lójú bàbá rẹ."

Kò pẹ́ tí ó fi mọ̀. Haneef mú un lọ kí àwọn òbí rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde, èmi sì bá a lọ. Ikhlas kúnlẹ̀ kí Alhaji, ó kúnlẹ̀ kí Alhaja Ràmọ́tà, ìyá Haneef. Wọ́n gbé mọ́ọ̀tì tútù fún wa mu. Alhaji kò pariwo rárá. Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi sọ̀rọ̀.

"Ìwọ lo jókòó ti géètì mi?"

"Èmi ni, sà."

"Mi ò kórìíra rẹ. O kàwé, o sì ní ìwà ọmọlúàbí. Wá síwájú ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ omi, kí o tọrọ àforíjì, kí o sọ pé ìwà tí o hù kò dára. Tí o bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, màá wá tọrọ rẹ lọ́wọ́ ìyá rẹ. Ìyàwó ọmọ mi ti di onílẹ̀ nìyẹn. Ọ̀fẹ́ ni wàá máa pọn omi."

Ikhlas kò tíì dìde lórí ìkúnlẹ̀. "Ẹ ṣeun, sà. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo ṣì wà yìí, nítorí àgbà ni yín, ẹ sì bí ẹni tí mo fẹ́ràn. Ṣùgbọ́n mi ò ní tọrọ àforíjì nítorí omi tí ìyá mi dáwó sí. Tí tèmi bá di ọ̀fẹ́, ti Fatihah ńkọ́?"

"Ti Fatihah kọ́ là ń sọ."

"Òun gan-an ni mò ń sọ, sà."

Alhaji gbé ife rẹ̀ kalẹ̀. "Ó dáa. Wá ọkọ mìíràn."

Alhaja Ràmọ́tà tún gèlè rẹ̀ ṣe, kò sọ nǹkan kan. Haneef náà kò sọ nǹkan kan. Ìdákẹ́ tirẹ̀ yẹn ló dun Ikhlas ju ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ lọ.

Nígbà tí a jáde, ó sáré tẹ̀lé wa dé ibi tí a ti fẹ́ wọ kẹ̀kẹ́. "Ikhlas mi, dúró. Bàbá mi ni. Kí ni ó yẹ kí n sọ?"

"Ohunkóhun," ni Ikhlas wí. "Kò sí èyí tí o sọ tí mi ò ní gbà. Ìdákẹ́ nìkan ni mi ò lè fẹ́."

Bí wọ́n ṣe pínyà nìyẹn. Ikhlas kò gbé ìpè rẹ̀ mọ́. Nílé, ìyá rẹ̀ kò jẹ́ kó sinmi.

"Ọmọ mi, lọ tọrọ àforíjì. Gáfárà kò pa ẹnikẹ́ni rí. Ta ni yóò tún fẹ́ ọ tí o bá ń bá olówó jà?"

"Màmá, tí mo bá tọrọ àforíjì, irọ́ ni mo pa. Mo fẹ́ràn ọmọ wọn. Ó ń dùn mí gan-an. Ṣùgbọ́n irọ́ ni."

Mo gbọ́ ẹkún rẹ̀ láti yàrá tèmi. N kò kan ilẹ̀kùn, nítorí mo mọ̀ pé kò ní fẹ́ kí n rí i.

Nígbà tí òjò kò rọ̀ mọ́, apá àwọn ayálégbé kò ká owó omi mọ́, ni ọ̀pọ̀ wa bá gba odò lọ. A mọ̀ pé omi náà kò mọ́. Ṣùgbọ́n ta ni yóò fi òùngbẹ sùn? Kò pẹ́ rárá tí onígbáméjì fi wọ ilé wa. Ìyá Ikhlas ni ẹni kejì tó mú. Ó bì, ó ṣu, títí ojú rẹ̀ fi jìn. A sáré gbé e lọ sí ọsibítù ní Ìjẹ̀bú-Òde, wọ́n sì fa omi sí i lára.

Haneef gbọ́, ó sì wá. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Má sunkún níbí," Ikhlas wí fún un. "Ibi tí ọ̀rọ̀ wà kọ́ nìyí. Ayépé ló wà."

Haneef nu ojú rẹ̀. Ó jáde.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, nígbà tí gbogbo èèyàn ń wò ó, Haneef gbé ayùn onírin dé ìdí ẹ̀rọ. Bàbá rẹ̀ ti gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tipẹ́. Ó rẹ́ àgádágodo náà, ó ṣí géètì sílẹ̀ gbayawu. Ẹnìkan tẹ Alhaji láago. Kí a tó mọ̀, mọ́tò rẹ̀ ti gúnlẹ̀. Ikhlas náà ti ọsibítù dé, aṣọ àná ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

"Haneef," Alhaji wí, "owó mi ló wà nínú ilẹ̀ yẹn."

"Owó ìyá Ikhlas náà wà níbẹ̀, Bàbá. Òun ló wà ní ọsibítù yẹn, àwa kọ́. Mo dákẹ́ níwájú yín nígbà kan. Mi ò ní dákẹ́ mọ́."

"Ṣé èmi lo ń bá sọ̀rọ̀ báyìí lójú ìta?"

"Ẹ̀yin ni, sà. Mo sì bọ̀wọ̀ fún yín."

"Kí wọ́n dá owó mi padà nígbà náà. Gbogbo rẹ̀."

Ikhlas ló sọ̀rọ̀. "A ó dá a padà, sà. Iye kan náà ni gbogbo wa yóò máa san lórí kẹ́ẹ̀gì, onílé àti ayálégbé. A ó yọ ti àtúnṣe ẹ̀rọ sọ́tọ̀, ìyókù á máa bọ̀ wá fún yín títí yóò fi tán. Onílé kan àti ayálégbé kan ni yóò jọ máa tọ́jú owó náà. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ni yóò kọ́kọ́ pọn."

Àwọn ọmọ onílẹ̀ kan bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Bàbá Simeon, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, onílé tiwa gan-an, fi ọ̀pá rẹ̀ kan ilẹ̀. "Ẹ gbọ́ mi. Lọ́wọ́ ayálégbé ni mo ti ń ra ẹ̀kọ tí mò ń jẹ láràárọ̀. Tí onígbáméjì bá kan ilẹ̀kùn mi, kò ní béèrè ìwé ilẹ̀. Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ ọmọ yìí."

Àwọn obìnrin onílé ló kọ́kọ́ nawọ́, àwọn ọkọ wọn tẹ̀lé wọn. Alhaji wo gbogbo wa, ó wo ọmọ rẹ̀. "Má dé ṣọ́ọ̀bù mi mọ́," ló sọ, ó sì wọ mọ́tò rẹ̀ lọ.

Haneef jókòó sórí kọnkéré. Ikhlas lọ jókòó tì í.

"Mi ò níṣẹ́ mọ́," ó wí.

"O lọ́wọ́, o lọ́pọlọ, o sì ní èmi," Ikhlas wí. "Ìgbà wo lo fẹ́ wá rí ìyá mi?"

Ara ìyá Ikhlas yá, wọ́n sì dá ọjọ́ yìgì. Àwọn àgbà lọ bẹ Alhaji títí. Èsì kan ṣoṣo ló rán wá: tí a bá dá àgádágodo padà, òun yóò wá. Haneef rán èsì tirẹ̀ padà pé àyè bàbá òun wà níwájú, pé tí kò bá sí ẹni tó jókòó síbẹ̀, yóò ṣófo bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ náà, àyè náà ṣófo lóòótọ́. Lẹ́mọ́mù ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí kẹ̀kẹ́ kan dúró níwájú mọ́ṣáláṣí. Alhaja Ràmọ́tà ló sọ̀ kalẹ̀, eruku kún etí léèsì rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ kò fún un ní mọ́tò.

"Wọ́n ní kí n má wá," ó wí fún àwọn àgbà. "Èmi ni mo bí i. Mo dákẹ́ lọ́jọ́ tí ọmọbìnrin yìí kúnlẹ̀ ní pálọ̀ mi, n kò sì sùn dáadáa láti ìgbà náà. Ẹ so yìgì ọmọ mi."

Wọ́n so ó. Haneef sunkún, kò sì fi pamọ́.

A jẹun, a mu. Nígbà tí wọ́n pe ìrun Àsárì, Alhaja Ràmọ́tà mú ike àlùwàlá, ó gba ìdí ẹ̀rọ lọ. Èrò pọ̀ níbẹ̀. Bí àwọn obìnrin ṣe rí i, wọ́n yà fún un.

"Ẹ bọ́ síwájú, Alhaja. Ìyá ọkọ ìyàwó ni yín."

"Ẹ ṣeun. Ta ló dé kẹ́yìn?"

Obìnrin ayálégbé kan nawọ́. Alhaja lọ dúró sẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú góòlù ọrùn rẹ̀.

Haneef fẹ́ dìde kó lọ bá a pọn ọ́n. Ikhlas fi ọwọ́ tó kun làálì dì í mú.

"Jókòó, olówó orí mi," ó wí. "Jẹ́ kí màmá wa tò."