Ẹni Tí Òǹkà Ò Rí

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé yẹn, fóònù iléeṣẹ́ ò sinmi. Oníbàárà kan ń pè láti Ìbàdàn, òmíràn láti Abẹ́òkúta, ohun kan náà sì ni gbogbo wọn ń sọ: àwọn ti rí ẹ̀gúsí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, àwọn fẹ́ rà. Ṣùgbọ́n nígbà tí Wúràọlá ṣí òǹkà tó máa ń ka àwọn tó wá wo ojú ìwé ẹ̀gúsí náà, òfo ló bá níbẹ̀. Láti ọjọ́ Sátidé, òǹkà ní ẹnikẹ́ni ò wá.

"Ẹ̀gbọ́n Làtíífàt, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo nǹkan yìí," ló wí. "Àwọn èèyàn ń wọlé, àmọ́ mi ò rí ipa ẹsẹ̀ wọn."

Làtíífàt gbé ojú sókè bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Ẹ wá wo ayé! Ẹni tó jẹ ẹran tán ni wọ́n ní kó wá bá wọn wo ìsàlẹ̀ ìkòkò.

Iléeṣẹ́ Alhájì Láwàl ní Igbó-Ọrà làwọn méjèèjì ti ń ṣiṣẹ́. Gààrí àti ẹ̀gúsí táwọn àgbẹ̀ Ìbàràpá bá kó wá ni wọ́n ń tà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Làtíífàt ń tọ́jú ojú ìwé gààrí, Wúràọlá ń tọ́jú ti ẹ̀gúsí. Làtíífàt ló kọ́kọ́ débẹ̀. Òun ló mú Wúràọlá wọṣẹ́ nígbà tí ìyẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní pólì Èrúwà, òun ló sì kọ́ ọ níṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àfi bí ọmọ ẹ̀yìn ṣe fẹ́ gba iwájú mọ́ ọn lọ́wọ́. Èrò ojú ìwé ẹ̀gúsí ń pọ̀ sí i lójoojúmọ́, ti gààrí ń dín kù. Alhájì wá ní òun fẹ́ fi ẹnì kan ṣe ọ̀gá lórí gbogbo iṣẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì náà, òǹkà lòun sì máa wò kóun tó mú un.

Láti ìgbà náà ni oúnjẹ ò ti dùn lẹ́nu Làtíífàt mọ́. Ó ń jowú, kò sí orúkọ mìíràn tí a lè pè é. Bí Wúràọlá bá rẹ́rìn-ín, á dùn ún wọnú egungun. Bí oníbàárà bá yìn ín, á dìde kúrò níbẹ̀. Àní bí ọmọ náà bá kúnlẹ̀ kí i, lójú tirẹ̀, ẹ̀sín ló ń fi òun ṣe.

Lọ́jọ́ Sátidé, òun nìkan ló wà ní ọ́fíìsì. Ikọ́ ń yọ ọ́ lẹ́nu, ìyá rẹ̀ sì ti fún un ní ataare pé kó máa jẹ ẹ́. Ó ń rún un lẹ́nu lọ́wọ́ nígbà tó wọ inú ojú ìwé ẹ̀gúsí, tó wá ìlà kóòdù kékeré tó máa ń sọ fún òǹkà pé èèyàn dé, tó sì pa á rẹ́. Ibi tó yẹ kó dúró sí nìyẹn. Ṣùgbọ́n owú kì í jẹ́ kí ẹnu ó gbé jẹ́ẹ́.

"Ẹni tó bá wọ ibí," ló sọ, pẹ̀lú ataare lẹ́nu, "kí ojú ayé má ṣe rí i pé ó wá."

Ó wá ṣí ojú ìwé náà lórí fóònù rẹ̀, kó lè mọ̀ bóyá iṣẹ́ òun jẹ́. Òǹkà ò yí. Inú rẹ̀ dùn, ó pa kọ̀ǹpútà, ó gba ilé lọ.

Lọ́jọ́ Ajé tí à ń sọ yìí, ó fa àga sún mọ́ Wúràọlá, ó ń tẹ ibí, ó ń tẹ ọ̀hún. Ó ní bóyá nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Ó ní kí ọmọ náà pa fóònù rẹ̀, kó tún un tàn. Ó ń wo òógùn níwájú orí rẹ̀, ó sì ń gbádùn ara rẹ̀.

"Ẹ má bínú pé mò ń dà yín láàmú," Wúràọlá wí jẹ́jẹ́. Ó yíjú sí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń wò yíká. "Ẹ̀gbọ́n? Àbí ẹ ti jáde ni?"

"Mo wà níbí," Làtíífàt dáhùn.

Wúràọlá ti kọjú sí ibòmíràn.

Lọ́sàn-án, Màmá Mùíz tó máa ń gbé èkuru wá fún wọn wọlé. Ó bu ti Wúràọlá, ó bu ti ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, ó dé igbá rẹ̀, ó lọ. Làtíífàt pè é títí, kò wẹ̀yìn. Nígbà tó ń relé, ọlọ́kadà tó máa ń gbé e lójoojúmọ́ kọjá lára rẹ̀ bí ẹni kọjá lára òpó iná. Ẹ ó rò pé ẹ̀rù á ti bà á. Rárá o! Owú ló tún gba ọkàn rẹ̀. "Wọ́n ti gbọ́ ẹni tó máa di ọ̀gá," ló ń sọ nínú ara rẹ̀. "Wọn ò kà mí sí mọ́."

Ìyá rẹ̀ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣa ẹ̀wà.

"Màámi, ẹ kúùrọ̀lẹ́ o."

Ọwọ́ ìyá ò dúró lórí ẹ̀wà. Aládùúgbò kan tó ń kọjá béèrè ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Làtíífàt ò tíì dé," ìyá dáhùn, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Ọkàn mi ò balẹ̀ lónìí."

Làtíífàt fọwọ́ kàn án léjìká. Ìyá gbọn èjìká náà bí ìgbà tí eṣinṣin bà lé èèyàn, ó gbójú sókè, ó ń wo ọ̀nà tó wà lẹ́yìn ọmọ rẹ̀. Ìgbà yẹn ni ara Làtíífàt tó tutù.

Kí ẹnikẹ́ni tó dé ọ́fíìsì lọ́jọ́ kejì, ó ti dá ìlà kóòdù náà padà bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Wúràọlá dé, ó ṣí ojú ìwé náà lórí fóònù, òǹkà sì ní ẹnì kan wà níbẹ̀. Ọmọ náà pariwo ayọ̀. Làtíífàt náà ṣí i lórí fóònù tirẹ̀. Òǹkà dúró lórí ẹnì kan. Ó tún un ṣí. Ó gbìyànjú kọ̀ǹpútà. Ẹnì kan náà ni. Òǹkà ti bọ̀ sípò, ó ń rí gbogbo ayé, òun nìkan ni kò rí.

Ibẹ̀ ló ti rántí ohun tó wà lẹ́nu rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Ọmọ Yorùbá wo ni kò mọ̀ pé a kì í fi ataare sẹ́nu sọ ohun tí a ò fẹ́ kó ṣẹ? Ó ti pàṣẹ pé kí ayé má rí ẹni tó bá wọlé, òun fúnra rẹ̀ ló sì kọ́kọ́ wọlé, díẹ̀díẹ̀ ló sì wá ń pòórá. Àṣẹ ò mọ ẹni tó rán an níṣẹ́, ẹni tó bá kọ́kọ́ pàdé ló mú.

Lọ́sàn-án, Alhájì Láwàl dé. "Wúràọlá, mo ti wo òǹkà oṣù tó kọjá. Ìwọ ni mo fẹ́ fi ṣe ọ̀gá."

Wúràọlá kúnlẹ̀. "Ẹ ṣeun, sà. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, Ẹ̀gbọ́n Làtíífàt ni kẹ́ ẹ fún. Gbogbo ohun tí mo mọ̀, àwọn ló kọ́ mi. Mi ò lè jẹ́ ọ̀gá lé wọn lórí."

Alhájì rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ọmọ dáadáa ni ọ́. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Pè é wá, kó gbọ́ ọ lẹ́nu mi."

Làtíífàt ti wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú wọn. "Èmi rèé, sà! Èmi rèé! Wúràọlá, dárí jì mí!"

Wúràọlá tẹ nọ́ńbà rẹ̀. Fóònù dún lórí tábìlì níbi tí Làtíífàt gbé e sí, àwọn méjèèjì sì jọ wò ó.

"Wọ́n fi fóònù wọn sílẹ̀," Wúràọlá wí.

"Kò burú," ni Alhájì dáhùn. "A ó máa retí rẹ̀."

Làtíífàt sáré bọ́ sójú títì tó lọ sí Èrúwà. Ó ń kí ẹni tó mọ̀ àti ẹni tí kò mọ̀: ẹ kú ọjà, ẹ kú iṣẹ́, ẹ káàsán o. Níbi tiwa, kò sí bí a ṣe ń kí èèyàn kó má dáhùn, àní ọ̀tá ẹni á kùn lóhùn. Lọ́jọ́ yẹn, ìlú dákẹ́ lé e lórí.

Ó ti rìn jìnnà kí ohùn kan tó pè é lábẹ́ igi kajú kan létí ọ̀nà.

"Àwẹ̀ró! Àwẹ̀ró mi, o kú ìrìn o."

"Ẹ̀ẹ́n, mà!" Ayọ̀ gbé e. Ó sáré lọ kúnlẹ̀ níwájú arúgbó tó jókòó síbẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, omijé ń dà lójú rẹ̀. "Ẹ rí mi! Màmá, ẹ rí mi!"

"Mo rí ọ dáadáa, ọmọ mi."

Ọwọ́ náà tutù bí omi inú àmù. Ìgbà náà ni Làtíífàt tó rántí pé ẹnì kan ṣoṣo ló pe òun ní Àwẹ̀ró rí. Màmá Àgbà ni, ìyá tó bí ìyá rẹ̀, tí wọ́n sin sí ẹ̀gbẹ́ ilé wọn lọ́dún tí Làtíífàt wọ pólì. Ọmọdé pàápàá mọ̀ pé bí òkú bá peni, a kì í jẹ́; ẹni tó bá jẹ́, á bá a lọ.

Ó fẹ́ fa ọwọ́ rẹ̀ padà. Màmá Àgbà rọra dìde, kò jù ú sílẹ̀.