Àsíá Pupa Létí Odò Alájùẹ́

Bàbá Rájí ló kọ́ ìdajì àwọn ọmọ ìlú Alájùẹ́ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Lọ́dọọdún, tí Iléyá bá ti kọjá, àwọn ọmọ yìí a bá àwọn ọmọ ìlú Ara díje nínú odò tó wà lẹ́yìn ìlú, èrò a sì kún etí odò bámú.

Lọ́dún yìí, nígbà tí Iléyá ku díẹ̀, bàbá dé etí odò, ó bá àsíá pupa lórí igi. Obìnrin kan wà nídìí ẹ̀, ó wọ ìbọ̀wọ́, ó ń rọ omi odò sínú ìgò. Fèyísọ́lá ni, wolé-wolé tí ìjọba ìbílẹ̀ rán wá. Ó kúnlẹ̀ kí bàbá.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ẹnikẹ́ni má tíì wọ odò yìí ná."

Bàbá bu omi sí àtẹ́lẹwọ́. Ó mọ́ gaara. "Ọmọ mi, kí ló ṣe é? Inú ẹ̀ ni bàbá tó bí mi ti kọ́ mi ní ìlúwẹ̀ẹ́."

"Ojú lásán ò lè rí i, sà. Èyí tí mo bù lọ́sẹ̀ tó kọjá ti dé ilé àyẹ̀wò. Kòkòrò inú ìgbẹ́ ló pọ̀ nínú ẹ̀. Ọmọ tó bá gbé e mì lè máa yàgbẹ́ gbuuru. Ó lè wọ ojú egbò, ó lè wọ etí."

Bàbá rántí ilé. Láti ìjẹta ni inú ti ń run Roqeebah, ọmọ ọmọ rẹ̀ tó máa ń lúwẹ̀ẹ́ nínú odò náà, ìyá ọmọ náà sì ń di ẹ̀bi ru ọsàn tó mu.

"Ibo ni ìgbẹ́ ti wọ odò?"

"Ẹ jẹ́ ká jọ wá a lọ, sà."

Wọ́n bá odò lọ sí apá òkè. Lẹ́yìn ilé kan, wọ́n rí páìpù tó ń da omi ṣáláńgá sí gọ́tà, gọ́tà sì já sódò. Ilé Jibril ni, àbúrò bàbá gan-an.

"Ihò ṣáláńgá ló kún, Ẹ̀gbọ́n," ni Jibril wí. "Ẹ bá mi bo àṣírí. Tí ọdún bá kọjá, màá tún un ṣe."

Bàbá nàka sí páìpù náà. "Jibril, ọmọ ọlọ́mọ ló ń wọ omi yẹn. Òní lo máa dí páìpù yìí."

Wọ́n gbé Roqeebah lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Nígbà tó di Jímọ̀, bàbá dìde ní mọ́ṣáláṣí, ó ní kí wọ́n sún ìdíje síwájú. Najeem, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tó kọ́, fajú ro.

"Bàbá, àwọn ará Ara á ní ẹ̀rù ló bà wá."

"Jẹ́ kí wọ́n wí. Mi ò ní kó ọmọ wọ inú àìsàn torí ìdíje."

Najeem àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ló padà bá Jibril gbẹ́ ihò tuntun. Fèyísọ́lá ò yéé bu omi lọ fún àyẹ̀wò. Nígbà tí èsì wá dáa léraléra, ó yọ àsíá pupa, ó ta aláwọ̀ ewé.

Lọ́jọ́ ìdíje, Roqeebah, tí ara rẹ̀ ti yá, ló kọ́kọ́ fọwọ́ kan bèbè kejì. Olórí àwọn ará Ara wá bá bàbá.

"Ẹ bá wa bẹ wolé-wolé yín. A fẹ́ kó wá wo odò tiwa náà."

Orí bàbá wú. Ó fa Jibril àti Najeem sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀, ó ní, "Àwọn tó tún odò wa ṣe rèé."

Ẹ̀yin òbí, kọ́mọ yín tó wọ odò tí èrò ti ń lúwẹ̀ẹ́, ẹ bi wolé-wolé bóyá wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò. Tí òjò ńlá bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ẹ ní sùúrù ná, torí àgbàrá a máa gbé ẹ̀gbin wọ odò. Ẹ má yàgbẹ́ sétí odò, ẹ má da omi ṣáláńgá sí gọ́tà. Bọ́mọ bá lúwẹ̀ẹ́ tán tí inú ń run ún, ẹ tètè gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ìlú tó bá sì ta àsíá pupa nígbà tó yẹ, ẹ bá wọn yọ̀. Wọ́n mọyì ọmọ wọn.