Ilẹ̀kùn Tí Kálámù Kò Dúró Wò

“Fóònù máa dún báyìí,” ni Àǹtí wí.

Fóònù dún nínú tẹlifíṣọ̀n.

“Kò ní gbé e. Á kọ́kọ́ tẹjú mọ́ ọn bí ẹni tí kò rí fóònù rí. Lẹ́yìn náà ni yóò pariwo, ife á sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.”

Obìnrin inú fíìmù náà pariwo. Ife bọ́, ó fọ́ yángá. Kálámù rẹ́rìn-ín títí tó fi di ikùn mú, nítorí pé báńdéèjì ni wọ́n fi di ojú Àǹtí méjèèjì láti ìgbà tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Kò rí nǹkan kan, síbẹ̀ kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú fíìmù náà tí kò kọ́kọ́ sọ.

“Ìwọ ń rẹ́rìn-ín.” Àǹtí kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. “Pa á, jọ̀ọ́. Ó ti sú mi. Wọ́n á wọ mọ́tò, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò. Wọ́n á gun àtẹ̀gùn, wọ́n á tún sọ̀ kalẹ̀. Ìdajì fíìmù á ti lọ, ẹnikẹ́ni ò ní tíì sọ ọ̀rọ̀ gidi kan! Tó bá wá kù díẹ̀ kó parí, gbogbo ẹbí á dì mọ́ra, wọ́n á bú sẹ́kún. Ṣé kò sí ọ̀nà mìíràn tí ìtàn ń gbà parí ni?”

Iṣẹ́ Àǹtí nìyẹn. Àbúrò bàbá Kálámù ni, ọ̀dọ̀ wọn ló sì ń gbé. Fíìmù tuntun ló máa ń wò, tí yóò sì lọ sọ èrò rẹ̀ nípa wọn lórí rédíò ní òwúrọ̀ Sátidé. Òtítọ́-Korò ni àwọn olùgbọ́ ń pè é. Ṣùgbọ́n lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, ọ̀gá rédíò ti ń sọ pé ẹnu rẹ̀ mú jù. Ọ̀dọ́kùnrin kan sì wà tó ń wá ipò náà lójú méjèèjì, ẹni tí kì í rí àléébù lára fíìmù kankan. Àǹtí fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Ó-Dára-Gan.

“Bí n kò bá yọjú ní Sátidé yìí,” ni Àǹtí wí, “Ó-Dára-Gan ni yóò jókòó sórí àga mi, kò sì ní dìde mọ́. Bá mi lọ wo fíìmù tuntun náà, ‘Ilẹ̀kùn Kẹta’, nílé sinimá. Ojú rẹ ni màá fi wò ó. Ohun tó o bá rí gan-an ni kí o wá sọ fún mi. Ṣùgbọ́n gbọ́ o: a kì í dìde nílé sinimá títí orúkọ tó kẹ́yìn yóò fi kọjá, tí wọn yóò fi tan iná.”

“Mo ti gbọ́, Àǹtí.”

Inú Kálámù dùn. Nítorí pé ó mọ̀wé kọ ni wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Kálámù níléèwé, irú iṣẹ́ tí Àǹtí ń ṣe yìí ló sì wù ú. Ó mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ dání, ọmọbìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ìgboro, nítorí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í dúró sílé.

Nínú fíìmù náà, bàbá arúgbó kan ń gbé pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀ tí wọn kì í bára wọn sọ̀rọ̀. Yàrá mẹ́ta ló wà nílé náà. Ọmọ rẹ̀ tó ti kú ló ni ẹ̀kẹta, títì ni ilẹ̀kùn rẹ̀ sì wà. Bàbá náà gbá iwájú ilẹ̀kùn ọ̀hún. Ó mu omi. Ó jókòó. Ó tún gbá a.

“Ṣé ilẹ̀ gbígbá la wá wò?” Ìgboro sọ ọ́ sí i létí. “Ọ̀fẹ́ ni màmá mi ń fi èyí hàn mí láràárọ̀!”

Ẹ̀rín fẹ́ pa Kálámù. Ẹnì kan pòṣé lẹ́yìn wọn.

“Jẹ́ ká lọ jẹ áísíkiriìmù nísàlẹ̀, jàre. Ìwọ náà mọ ibi tó máa já sí. Wọ́n á ṣílẹ̀kùn, wọ́n á bá lẹ́tà òkú níbẹ̀, wọ́n á dì mọ́ra.”

“Àǹtí ní kí n wò ó tán.”

“Àǹtí tó ń wo fíìmù láìlo ojú? Ṣebí ìwọ lo sọ pé kò ṣi ẹyọ kan sọ. Àbí ọpọlọ tirẹ kò tó bẹ́ẹ̀ ni?”

Ọ̀rọ̀ yẹn gún Kálámù. Ó wo iwájú. Bàbá náà tún ti mú ìgbálẹ̀. Kálámù dìde.

Nígbà tó délé, ó ròyìn ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù náà bó ṣe rí gẹ́lẹ́: ìgbálẹ̀, omi, ilé tó dákẹ́ rọ́rọ́. Àǹtí na ọrùn, ó ń gbọ́.

“Èyí jọ ti ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe,” ni ó wí, ohùn rẹ̀ sì rọ̀ bí Kálámù kò ṣe gbọ́ ọ láti ọjọ́ pípẹ́. “Níkẹyìn ńkọ́?”

Ó ṣì lè sọ òótọ́. Ṣùgbọ́n ojú tì í.

“Wọ́n ṣílẹ̀kùn, Àǹtí. Wọ́n bá lẹ́tà níbẹ̀. Wọ́n dì mọ́ra.”

“Wọ́n sunkún?”

Kálámù ní, “Wọ́n sunkún.”

Àǹtí fi ọwọ́ gbá tábìlì. “Àwọn náà tún ni!”

Ní Sátidé, Kálámù fa Àǹtí lọ́wọ́ dé ilé iṣẹ́ rédíò, ó sì jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan nínú yàrá ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́. Àǹtí fa fíìmù náà ya. Ó ní olùdarí fíìmù náà mú wa dé ẹnu ilẹ̀kùn, kò sì ní nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀ ju ẹkún àyálò lọ. Lẹ́yìn náà ni àwọn olùgbọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pè.

“Òtítọ́-Korò, ẹ káàárọ̀ o. Aránṣọ ni mí. Ẹ má bínú, fíìmù wo lẹ wò? Bàbá yẹn kò ṣílẹ̀kùn kankan. Ó tú u kúrò lára ògiri, ó gbé e lé orí àpótí, ó fi ṣe tábìlì, ó ní kí àwọn ọmọ rẹ̀ wá jẹun. Kò sẹ́ni tó sunkún nínú wọn. Àwa tá à ń wò ó là ń sunkún.”

Ẹlòmíràn pè. “Ṣé wọ́n fún yín ní rìbá kí ẹ lè ba iṣẹ́ oníṣẹ́ jẹ́ ni?”

Àǹtí yí ojú tí wọ́n fi báńdéèjì dì sí ibi tí Kálámù jókòó sí. Kò pẹ́ rárá, ó yí i padà sídìí ẹ̀rọ.

“Òótọ́ ni aránṣọ sọ. N kò fi ojú mi wo fíìmù yìí, mo sì dá a lẹ́jọ́ bí ẹni tó wò ó. Ẹ̀bi mi ni. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é.”

Kò dárúkọ Kálámù. Ọ̀gá rédíò kò sì dúró bèèrè. Kí wọ́n tó jáde, ó ti pe Ó-Dára-Gan.

Nílé, Kálámù kúnlẹ̀. Ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, títí kan áísíkiriìmù.

“Dìde,” ni Àǹtí wí. “Irọ́ pọ̀ láyé tó o lè pa. Èyí tó o pa, irọ́ tí gbogbo àwọn onífíìmù ń pa ni: ilẹ̀kùn, lẹ́tà, ẹkún. Ẹnì kan ṣoṣo ló jàjà ronú kan nǹkan mìíràn, èmi ni mo wá dójú tì í ní gbangba. Èmi náà ni mo jókòó síbí, tí mò ń sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ kó tó ṣẹlẹ̀. O rò pé iṣẹ́ náà nìyẹn.”

Nígbà tí wọ́n tú báńdéèjì, àwọn méjèèjì lọ wo ‘Ilẹ̀kùn Kẹta’. Bàbá náà gbálẹ̀, ó tún gbálẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, Kálámù rí i pé nígbàkúùgbà tó bá gbálẹ̀ dé iwájú ilẹ̀kùn ọ̀hún, ọwọ́ rẹ̀ á kan àwọn irin tó so ilẹ̀kùn mọ́ ògiri, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Ó ti ń múra àtitú u láti ìbẹ̀rẹ̀. Orúkọ kọjá tán. Wọ́n tan iná. Ẹni tó ń tún ilé sinimá ṣe ti ń gbá abẹ́ àga wọn.

“Ó yá, kí lo rí?”

“Àárín rẹ̀ fà jù, Àǹtí,” ni Kálámù wí, omi sì wà lójú rẹ̀. “Ṣùgbọ́n ó yẹ kí n dúró.”

“Ó fà lóòótọ́. Ohun tí ǹ bá sọ lórí rédíò nìyẹn.”

Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ẹni tó gbọ́ ìdajì, tó fi irọ́ parí ìyókù, kò sàn jù ú lọ. Irọ́ tí a fi gé ọ̀nà kúrú lè fa àga kúrò lábẹ́ ẹni tó fọkàn tán wa, àforíjì kò sì lè gbé àga náà padà. Ní gbogbo òwúrọ̀ Sátidé, Kálámù ń gbọ́ ohùn kan láti inú rédíò ará ilé kejì: “Ẹ̀yin olùgbọ́, fíìmù yìí, ó dára gan-an!” Àǹtí á pòṣé, á sì lọ ti fèrèsé.