Ẹsẹ̀ Tó Ń Gbọ́ Èyí, Tí Kò Gbọ́ Ìyẹn

"Na orúnkún rẹ."

Ọmọ ilé-ìwé tí wọ́n ń pè ní Ọ̀kẹ́rẹ́ nà án, ẹsẹ̀ ọ̀tún náà sì nà gbọọrọ lórí ibùsùn.

"Pa itan méjèèjì pọ̀, kí n má lè là wọ́n."

Ó pa wọ́n pọ̀ pinpin.

"Ó yá, dojú bolẹ̀, ká orúnkún sẹ́yìn."

Ọ̀kẹ́rẹ́ tiraka títí, ẹsẹ̀ kàn gbéra díẹ̀ ni. Àwọn ọmọọka ẹsẹ̀ kò tilẹ̀ mira. Ẹsẹ̀ kan náà ni. Báwo ló ṣe ń gbọ́ èyí, tí kò gbọ́ ìyẹn?

Obìnrin tó ń tọ́jú iṣan nílé ìwòsàn náà fọwọ́ lẹ́rán. "Màmá, ẹ ní ó ṣubú?"

"Ó ní orúnkún lòun fi gúnlẹ̀ nígbà tí wọ́n ń sáré," ni ìyá rẹ̀ dáhùn.

"Ọ̀rọ̀ yìí ò yé mi. Okùn tó ń gbé àṣẹ ọpọlọ lọ síwájú itan ń ṣiṣẹ́, ti inú itan náà ń ṣiṣẹ́. Ti ẹ̀yìn itan títí dé ọmọọka ló dákẹ́, inú ìdí nìyẹn sì gbà kọjá. Kí ló kan orúnkún níbẹ̀?"

Orí Ọ̀kẹ́rẹ́ dàrú. Ìdí kẹ̀? Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ẹ̀yìn itan ń dùn ún, eré ìje ilé-ìwé sì ku ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń sáré ní, "Abẹ́rẹ́ kan péré ni. Má sọ fún ìyá ẹ." Ọkùnrin kan tó ń ta oògùn lẹ́yìn ilé-ìwé gún un ní ìdí. Nǹkan kan ta á bí iná dé ọmọọka; ó rò pé oògùn ló ń ṣiṣẹ́. Nígbà tó dìde, ẹsẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀.

Tó bá sọ ọ́, kí ni ìyá rẹ̀ máa ṣe? Tó bá dákẹ́, orúnkún tí kò ṣe nǹkan kan ni wọn yóò máa tọ́jú.

"Màmá, ẹ má bínú. Mi ò ṣubú. Abẹ́rẹ́ ni mo lọ gbà ní ìdí."

Ìyá rẹ̀ wò ó bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí. "Lọ́wọ́ ta ni?" Kò tilẹ̀ dúró gbọ́ èsì tó fi jókòó.

"Ó ti yé mi báyìí," ni olùtọ́jú wí. Ó fọwọ́ kan òkè ìdí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìta. "Ibí ló yẹ kí wọ́n gún. Okùn náà ni wọ́n gún bá. Ó fara pa, kò já. Yóò padà, àmọ́ kì í ṣe lọ́la."

Oṣù méje ló gbà. Ọ̀rẹ́ yẹn ló sáré ìje náà dípò rẹ̀, ó sì gbé àmì-ẹ̀yẹ wá hàn án nílé. Ọ̀kẹ́rẹ́ kò mọ̀ bóyá kí òun rẹ́rìn-ín ni àbí kí òun sunkún.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má gbé ara yín fún ẹnikẹ́ni fi dánra wò. Bí ẹ bá sì ti ṣìṣe, ẹ tètè sọ òótọ́, torí irọ́ a máa mú ẹni tó fẹ́ wò yín sàn lọ síbi tí àìsàn kò sí.